Ìwé ààwẹ̀ mi kún fún àmì, ṣùgbọ́n ìbínú mi kò lọ. Kí ni iṣẹ́ tèmi, kí ni iṣẹ́ oore-ọ̀fẹ́?

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà Lẹ́ńtì, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ìjọ wa, torí èmi gan-an ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn obìnrin yòókù tó bá di ọ̀rọ̀ àdúrà àti ààwẹ̀.

Aṣọ ni mò ń rán. Ọmọ ọdún 41 ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan, máṣíìnì mẹ́ta àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́rin. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ìwé méjì ló wà níbẹ̀, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ọ̀kan wà fún àwọn oníbàárà: ìwọ̀n àyà, ìwọ̀n ìbàdí, iye tí wọ́n san, iye tó kù lọ́rùn wọn. Èkejì wà fún èmi àti Ọlọ́run.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní oṣù January, lẹ́yìn ìsìn àìsùn ọdún tuntun. Mo pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́rin: àdúrà òru, ààwẹ̀, orí Bíbélì, ẹ̀ṣẹ̀. Bírò búlúù ni mo fi ń sàmì sí ohun tí mo bá ṣe. Bírò pupa ni mo fi ń kọ ibi tí mo bá ti ṣubú. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ kò ju ìbínú lọ. Ẹnu mi mú bí abẹ, ọwọ́ mi sì máa ń yá ju ọgbọ́n mi lọ. Ìyá mi tó bí mi máa ń sọ pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé ohun tí Bíbélì ń sọ náà nìyẹn.

Lẹ́ńtì tó kọjá, mo gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oníbàárà kan ní kí a bá òun parí ìró àti bùbá léèsì, ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni ọjọ́ Sátidé. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi lọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún 16 ni. Ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù eléèédú sí ẹ̀yìn bùbá náà. Kí n tó dé ibẹ̀, ihò tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ti wà lára léèsì, etí ihò náà dúdú, ó ń rùn bí irun tó jóná. Mo gbá ọmọ náà létí. Lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìyá tó bí i tí mi ò lè kọ síbí. Kò sunkún. Ó kàn fọwọ́ bo etí, ó ń wò mí.

Mo fi ògì àti àkàrà ṣínu ààwẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ṣí ìwé mi. Mo fi bírò búlúù sàmì sí ààwẹ̀. Mo sàmì sí àdúrà òru. Mo sàmì sí orí Bíbélì, torí mo ka mẹ́ta. Mo wá gbé bírò pupa, mo kọ "ìbínú". Ọjọ́ tó dára ni lójú ìwé yẹn o, mẹ́ta sí ọ̀kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ewé sẹ́yìn, mò ń ka ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan náà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà 71 ni.

Mo tún rí ohun kan tó ba ọkàn mi jẹ́ jù ú lọ. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí bírò búlúù pọ̀ jù ni ohùn mi máa ń le jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ebi wà nínú rẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi nìkan. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti sanwó, kí ẹnikẹ́ni má dán mi wò. Nígbà tí ibà sì dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún tó kọjá, tí mi ò lè sàmì sí nǹkan kan, mi ò lè gbàdúrà rárá. Ẹ mọ bí oníbàárà tó jẹ mí lówó ṣe máa ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí n má bàa rí i? Bí mo ṣe ń ṣe sí Ọlọ́run nìyẹn.

Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní kí n fi ọjọ́ méje kún ààwẹ̀ náà. Mo fi kún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo tún jágbe mọ́ ọmọ kan náà títí tó fi gún ọwọ́ ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́.

Nísinsìnyí mo ń ka Gálátíà orí 3, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń bi wọ́n pé ṣé lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nípa ti Ẹ̀mí, agbára ẹran ara ni wọ́n fẹ́ fi parí rẹ̀. Mo mọ̀ pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbà mí là, mo ti ń kọ ọ́ lórin láti kékeré. Ṣùgbọ́n ìdàgbàsókè ńkọ́? Tó bá jẹ́ oore-ọ̀fẹ́ náà ni, kí ni iṣẹ́ tèmi? Ṣé kí n káwọ́ gbera ni? Tí mo bá da ìwé yìí nù, ṣé mi ò ní di ọ̀lẹ, kí ìbínú náà sì tún burú sí i? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá Tíṣà Iléṣà

Ọmọ mi, mo kí ọ. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, mo sì ń wàásù nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa nígbà tí ẹsẹ̀ bá jẹ́ kí n dìde. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ọ tó ní ìwé bíi tìrẹ.

John Wesley ni, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ wá. Nígbà tó wà ní yunifásítì Oxford, òun àti Charles àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn mélòó kan kó ara wọn jọ. Wọ́n ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Wesley a máa kọ bó ṣe lo wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wákàtí, kì í ṣe ọjọ́ bíi tìrẹ. Ètò náà pọ̀ débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù sọ wọ́n ní Mẹ́tọ́díìsì, ìyẹn àwọn elétò, láti fi bú wọn. Orúkọ èébú yẹn là ń jẹ́ dòní.

Ó ti jẹ àlùfáà láti ọdún 1728. Lọ́dún 1735 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà láti lọ wàásù. Ní January 1736, ìjì dìde lójú òkun. Ìgbòkun ńlá ya, omi bo ọkọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ké tantan. Àwọn ará Jámánì kan wà nínú ọkọ̀ náà, àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni kan tí à ń pè ní Moravian, orin Sáàmù ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí omi ya wọlé. Wọn ò dá orin náà dúró. Lẹ́yìn náà Wesley bi ọ̀kan nínú wọn pé ṣé ẹ̀rù ò bà á ni. Ó ní rárá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wesley ní, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ yín ńkọ́? Ó ní ikú kò ba àwọn náà lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Wesley. Òun tó ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ̀rù ikú ń bà á.

Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1738 pẹ̀lú ìtìjú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé òun lọ sí Amẹ́ríkà láti yí àwọn ẹlòmíì lọ́kàn padà, ta ni yóò wá yí òun lọ́kàn padà? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù May ọdún yẹn, ó lọ sí ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò wù ú láti lọ. Ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Martin Luther kọ sí ìwé Róòmù. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́sàn-án lù, ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí Ọlọ́run ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn nípa ìgbàgbọ́ nínú Kristi, Wesley ní ọkàn òun móoru lọ́nà àrà, òun sì mọ̀ pé Kristi nìkan ṣoṣo ni òun gbẹ́kẹ̀ lé fún ìgbàlà. Ìgbà tí wọ́n ń ka ìwé fún un ló ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó ń sàmì.

Thomas Birch Freeman tó gbé ìhìnrere dé Àgbádárìgì lọ́dún 1842, ọmọ Wesley nínú ìgbàgbọ́ ni. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún ọ kò pọ̀. Ka Róòmù orí 4, ẹsẹ 4. Ẹsẹ kan ṣoṣo. Kà á ní ṣọ́ọ̀bù, kí ìwé méjèèjì wà níwájú rẹ, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi.

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Màá kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan: lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ móoru yẹn, ṣé Wesley pa ààwẹ̀ tì?

Ọmọ Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ má bínú pé mo dá sí i kí Bàbá tó dáhùn. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Èkó ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má yára da ìwé yẹn nù.

Èmi ti ṣe òdìkejì ohun tí ẹ ṣe. Ìpàdé tí mò ń lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, oore-ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìwàásù wọn. Wọ́n ní Jésù ti parí ohun gbogbo. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ ni pé kò sí ohun tó kù fún mi láti ṣe mọ́. Mo kọ́kọ́ fi àdúrà àárọ̀ sílẹ̀, torí ọkọ̀ aago márùn-ún ni mo máa ń wọ̀. Lẹ́yìn náà Bíbélì. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ fi fi bí wọ́n ṣe ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù hàn mí. Láàárín oṣù mẹ́jọ, owó ilé tí mo ti tọ́jú fún ọdún kan lọ, títí kan èyí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí mi látinú àjọ rẹ̀. Ní gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn, tí ẹ bá bi mí, mo máa sọ fún yín pé abẹ́ oore-ọ̀fẹ́ ni mo wà.

Ẹsẹ tó jí mi ni Títù 2, ẹsẹ 11 àti 12. Ibẹ̀ sọ pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run fara hàn, ó sì ń kọ́ wa láti kọ àìwà-bí-Ọlọ́run sílẹ̀. Olùkọ́ ni. Èyí tí mo ń pè ní oore-ọ̀fẹ́ kò kọ́ mi ní nǹkan kan, ó kàn ń jẹ́ kí n sùn ni. Nítorí náà, Àǹtí, ó sàn kí èèyàn ní ìwé ju kó má ní nǹkan kan lọ. Èrò tèmi nìyẹn. Kí àwọn àgbà tọ́ mi sọ́nà tí mo bá ṣì í sọ.

Bàbá Tíṣà Iléṣà

Ọmọ Àkúrẹ́, o ṣé tí o sọ tìrẹ. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló lè sọ̀rọ̀ owó ìyá rẹ̀ yẹn síta.

Arábìnrin, rárá, kò pa á tì. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi ìpàdé tó wà ní Fetter Lane, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni pé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tíì pé kò gbọdọ̀ gbàdúrà, kò gbọdọ̀ ka Bíbélì, kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Kó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kó máa dúró. Wesley bá wọn jiyàn títí, nígbà tó sì di July 1740 ó kúrò láàárín wọn. Ó ní àdúrà, Ìwé Mímọ́, Oúnjẹ Alẹ́ àti ààwẹ̀, ọ̀nà oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n.

Fi ọkàn bá mi wo ọ̀rọ̀ náà: ọ̀nà. Kò pè wọ́n ní owó oore-ọ̀fẹ́. Ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ibi tí ọba máa gbà kọjá kò ra ọba. Bátíméù ò ra ojú rẹ̀, etí ọ̀nà Jẹ́ríkò ló jókòó sí, ó sì ń kígbe. Ṣùgbọ́n ká ní ilé ló jókòó sí ńkọ́?

Ààwẹ̀ kan náà ni Wesley gbà kí ọkàn rẹ̀ tó móoru àti lẹ́yìn rẹ̀. Lóde, o kò ní mọ ìyàtọ̀. Ohun tó ń wá nínú rẹ̀ ló yí padà. Pọ́ọ̀lù náà sọ ọ́ nínú 1 Kọ́ríńtì 15, ẹsẹ 10, ó ní òun ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ju gbogbo wọn lọ, "ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi, bí kò ṣe oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run tí ó wà pẹ̀lú mi." Ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ ju gbogbo àwọn yòókù lọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aláró Ìtòkú

Ọmọ mi, ọmọbìnrin mi ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ fún mi, mo ní kó tún un kà.

Aláró ni mí, l'Ábẹ́òkúta. Ìyá mi ṣe é, ìyá rẹ̀ náà ṣe é. Kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ wa ń lò báyìí torí ó yá, ṣùgbọ́n èlú ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. A ó gún ewé rẹ̀, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sá a títí yóò fi gbẹ. A ó sẹ́ omi eérú. A ó rẹ èlú náà sínú omi eérú nínú ìkòkò, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi gbó, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agbolé. Kí a tó ti aṣọ kankan bọ̀ ọ́, aró ti wà níbẹ̀. Mi ò tíì rí aṣọ tó bá mi gún èlú rí.

Ìwọ tó ń rán aṣọ, ṣé o ti rí aṣọ bó ṣe ń jáde láti inú aró nígbà àkọ́kọ́? Kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ni yóò mú jáde, bí ewé tó fẹ́ pọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ á ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n gbé e sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, lójú rẹ báyìí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín. A ó tún tì í bọ̀ ọ́. A ó tún yọ ọ́. Ìgbà mélòó? Ó dọ́wọ́ bí a bá ṣe fẹ́ kó dú tó. Aṣọ ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ ju kó wọlé, kó jáde, kó tún wọlé. Bí mo ṣe ń gbàdúrà láàárọ̀ nìyẹn. Mi ò lọ sanwó. Mo lọ mu aró ni.

Ṣùgbọ́n àdìrẹ oníko wà. Ìko la fi ń so ó, a ó so ó pinpin. Ibi tí a bá so, aró ò ní débẹ̀. Bí o fi í sínú ìkòkò láti àárọ̀ títí di alẹ́, funfun ni ibẹ̀ máa jáde. Ọmọ mi, o ti ń wọnú ìkòkò fún ọdún mẹ́ta. Mo gbà pé òótọ́ lo wọlé. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé, ibo lo so pa?

Ìdí tí mo fi ní kí ọmọ mi tún un kà nìyí. O sọ fún wa nípa léèsì. O sọ nípa áyọ́ọ̀nù, nípa bírò búlúù àti bírò pupa. O bẹ Ọlọ́run, o bẹ àwa náà pé ká dá ọ lóhùn. Mi ò gbọ́ ibi tí o ti bẹ ọmọ náà.

Má rò pé mò ń bá ọ wí. Èmi náà bá obìnrin kan jà fún ọdún mẹ́rin nítorí ibi tí a ń sá aṣọ sí. Okùn rẹ̀ wọ ààlà mi, tèmi wọ tirẹ̀. Mo gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Kí Ọlọ́run lè mú òun kúrò níbẹ̀ ni mo ṣe gbà á o, ṣùgbọ́n mo ń pè é ní ààwẹ̀ ìwà mímọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn dá mi dùbúlẹ̀, mi ò lè dìde bu omi. Ní ọjọ́ kẹta, ta ló ń kan ilẹ̀kùn? Obìnrin náà ni, ó gbé láfún àti ọbẹ̀ ilá wá, ó sì ti kó àwọn aṣọ mi tó wà lórí okùn kí òjò tó dé. Ó ká wọn dáadáa. Mi ò ṣe ohunkóhun fún un tí ìyẹn fi tọ́ sí mi. Mo jẹ láfún náà, omi ń já lójú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oore-ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò fi nǹkan pa mọ́: oore, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tí a bá sanwó rẹ̀, ọjà ni.

Ọmọ Àkúrẹ́, òótọ́ lo sọ pé kí a má sùn. Ṣùgbọ́n má sọ pé ìwé sàn ju àìní nǹkan kan lọ. Obìnrin yìí ní ìwé, etí ọmọ ọlọ́mọ sì ń ró.

Ọmọ Àkúrẹ́

Mo gbọ́, Màmá. Mo gba ìbáwí. Ẹ ṣeun.

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ Màmá kò jẹ́ kí n lè kọ nǹkan kan.

Bàbá, mo ka Róòmù 4, ẹsẹ 4 ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ibẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́, a kì í ka èrè rẹ̀ sí oore-ọ̀fẹ́, bí kò ṣe sí gbèsè. Gbèsè! Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń kọ sí iwájú orúkọ àwọn oníbàárà. Mo wo ìwé kejì, mo rí i pé ìwé gbèsè lòun náà. Nígbà tí bírò búlúù bá pọ̀, Ọlọ́run ló jẹ mí. Nígbà tí bírò pupa bá pọ̀, èmi ni mo jẹ ẹ́, mo sì ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ọdún mẹ́ta, mi ò jẹ́ kó fún mi ní nǹkan kan lọ́fẹ̀ẹ́ rí.

Mo tún rí i pé bí mo ṣe ń bá àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi lò náà nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jẹun, ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ san án. Kò sí ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi torí mi ò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ wà.

Màmá, ẹ ti rí ibi tí mo so pa. Ìdí tí mi ò fi bẹ ọmọ náà ni pé tí ọ̀gá bá bẹ ọmọ ìkọ́ṣẹ́, mo rò pé kò ní bọ̀wọ̀ fún mi mọ́. Kódà, kí n sọ òótọ́: tí mo bá bẹ ẹ́, mo ti gbà pé èmi kọ́ ni àpẹẹrẹ tí wọ́n ń pè mí. Ó rọrùn fún mi láti pa ebi mọ́ inú fún ogójì ọjọ́ ju kí n sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, mo ní kó dúró. Ó ti ń gbọ̀n kí n tó lanu. Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, dárí jì mí." Mo kúnlẹ̀. Ọmọ náà ta sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó, òun náà kúnlẹ̀, ó ń sọ pé, "Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde." Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. Ó wá sọ ohun kan tí mi ò rò rí. Ó ní ọjọ́ tí léèsì yẹn jó, mo ti jágbe mọ́ òun láàárọ̀ nítorí bọ́tìnnì, ẹ̀rù wá ń ba òun débi pé ẹsẹ̀ mi ni òun ń gbọ́ bóyá mò ń bọ̀, ìyẹn ni òun fi gbàgbé pé áyọ́ọ̀nù wà lórí aṣọ. Èmi ni mo jó léèsì yẹn, ẹ̀yin ará.

Mo mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ kejì kí wọ́n wo etí náà. Wọ́n ní kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Mo lọ bá ìyá rẹ̀ náà.

Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín pé ìbínú ti tán. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan gé àǹkárá sí òdì, ohùn mi ti gòkè kí n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Mo jáde sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ́ ni mi ò bá jẹ́ níbẹ̀, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ ohun tí agbowó-òde nì sọ nínú Lúùkù 18, kí Ọlọ́run ṣàánú fún èmi ẹlẹ́ṣẹ̀. Mo dúró díẹ̀. Mo padà wọlé, mo sì fi bí wọ́n ṣe ń gé e hàn án. Kì í ṣe pé mo gbìyànjú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rọ̀ mí lọ́rùn ni, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́.

Ọmọ Àkúrẹ́, àbúrò mi, mi ò da ìwé náà nù. Mi ò fa ìlà sí i mọ́ ni. Mo kọ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ojú ewé tuntun, mo ń gbàdúrà fún wọn láàárọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ṣì ń jí lóru. Ọjọ́ tí oorun bá gbé mi lọ, mo máa ń sùn ún tán, mà á sì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ọjà.

Màmá, mo fẹ́ wá sí Ìtòkú kí n ra àdìrẹ oníko yáàdì márùn-ún lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi sọ ọjọ́ tí ẹ máa wà nílé. Mo fẹ́ kí ọmọ náà bá mi wá, òun ló máa rán an, òun náà ló máa lọ̀ ọ́.